Léèsì àti Yẹ̀rì Rẹ̀: Lórí Máàpù Àgbàrá Tí A Sọ Di Fẹ́lẹ́

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn tí mo kọ́ ní jọ́gíráfì láyé ọjọ́sí fi máàpù kan ránṣẹ́ sí mi. Ó ti di ọ̀gá níbi iṣẹ́ rẹ̀ báyìí, ṣùgbọ́n tí nǹkan bá ń kọ ọ́ lóminú, ó ṣì máa ń pè mí. Ó ní, "Prof, ẹ bá mi fojú sùnnùkùn wò ó kí n tó gbé e síwájú àwọn ìgbìmọ̀."

Máàpù ewu àgbàrá ni, ti ìlú kan nílẹ̀ Yorùbá níbí. N kò ní dárúkọ ìlú náà, n kò sì ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó fẹ́ lò ó, nítorí ohun tí mo fẹ́ bá wí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ẹnì kan. Àṣà gbogbo àwa tí a ń ya máàpù ni, tèmi gan-an sì wà níbẹ̀. Ìgbìmọ̀ tí mo wí yìí ni yóò pinnu ibi tí iṣẹ́ yóò ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ lẹ́bàá odò: ibi tí wọn yóò ti gbẹ́ gọ́tà, ibi tí wọn yóò ti tún afárá ṣe, ibi tí wọn yóò ti wó ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí tó kẹ́yìn yẹn sọ́kàn bí a ṣe ń bá ọ̀rọ̀ lọ.

Ohun tó wà lórí máàpù náà kò le. Ìpele méjì ni. Ti ìsàlẹ̀ ni fọ́tò sátẹ́láìtì, níbi tí a ti ń rí òrùlé, títì, igi àti odò. Ti òkè ni ìpele ewu, ìyẹn rásítà tí a pín sí igun mẹ́rin kéékèèké tí à ń pè ní píksẹ́lì. Píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan gbé nọ́ńbà kan: 1 ni ewu díẹ̀, 2 ni ewu àárín, 3 ni ewu ńlá. Akẹ́kọ̀ọ́ mi kun 1 ní yẹ́lò, ó kun 2 ní àwọ̀ ọsàn, ó kun 3 ní pupa. Kí pupa yẹn má baà bo ilé àwọn èèyàn mọ́lẹ̀, ó lọ sí ibi tí QGIS ti ń jẹ́ kéèyàn sọ ìpele di fẹ́lẹ́, ó fa ọ̀pá kékeré ibẹ̀ dé 50%. Ilé hàn lábẹ́ pupa, pupa náà sì wà lórí ilé. Ó dùn ún wò. Èmi náà kọ́kọ́ yìn ín.

Àfìgbà tí mo wò ó lẹ́ẹ̀kejì. Odò kan ṣoṣo ló gba àárín ìlú náà kọjá. Lápá àríwá, ẹ̀yìn àdúgbò àtijọ́ ló gbà, níbi tí agboolé ti fara kan agboolé, tí páànù orí wọn sì ti dípẹtà tipẹ́. Lápá gúúsù, ẹ̀yìn ẹ̀sítéètì tuntun ló gbà, páànù ibẹ̀ ń dán, ilẹ̀ ibẹ̀ sì jẹ́ kọnkéré. Lórí máàpù, pupa ti àdúgbò àtijọ́ kì bí ẹ̀jẹ̀ tó ti dì. Ti ẹ̀sítéètì rí bí òdòdó tí oòrùn ti pa láwọ̀ dà.

Mo pè é. Mo ní, "Ṣé ewu ti òkè lọ́hùn-ún ju ti ìsàlẹ̀ yìí lọ ni?"

Ó ní, "Ó jọ bẹ́ẹ̀, sà."

Mo ní, "Má sọ fún mi pé ó jọ. Tẹ ibẹ̀ wò."

Irinṣẹ́ kan wà nínú QGIS tí wọ́n pè ní Identify. Tí èèyàn bá mú un, tó tẹ ibi kan lórí ìpele, yóò sọ nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ gan-an. Ó tẹ àdúgbò àtijọ́: 3. Ó tẹ ẹ̀sítéètì: 3. Ó dákẹ́ lórí fóònù fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Hàà."

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀, nítorí pé ẹ̀yin tí mo kọ́ mọ̀ pé n kì í gba "hàà" gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn ìdánwò. Nọ́ńbà mẹ́ta ni kọ̀ǹpútà fi ń kọ àwọ̀, láti 0 dé 255: ìwọ̀n pupa, ìwọ̀n àwọ̀ ewé, ìwọ̀n búlúù. Pupa ti ìpele òkè jẹ́ 255, 0, 0. Ká ní páànù tó dípẹtà jẹ́ 120, 60, 40 nínú fọ́tò, kí páànù tuntun sì jẹ́ 230, 230, 230. Ohun tí 50% túmọ̀ sí ni pé kọ̀ǹpútà yóò mú ìdajì tòkè, yóò mú ìdajì tìsàlẹ̀, yóò sì rò wọ́n pọ̀. Lórí páànù tó dípẹtà, a ó rí 188, 30, 20, ìyẹn pupa kíki. Lórí páànù tuntun, a ó rí 243, 115, 115, ìyẹn pínńkì. Nọ́ńbà 3 ni méjèèjì.

Ó tún kù. Àwọ̀ ọsàn, tó dúró fún ewu àárín, jẹ́ 255, 165, 0. Gbé e lé páànù tó dípẹtà ní 50%, yóò di 188, 113, 20. Ìyẹn ṣókùnkùn ju pínńkì orí ẹ̀sítéètì lọ. Ó túmọ̀ sí pé bí ẹni tó ń wo máàpù bá ń fi bí àwọ̀ ṣe kì tó díwọ̀n ewu, bí gbogbo wa ṣe máa ń ṣe, yóò rò pé ewu àárín ní àdúgbò àtijọ́ le ju ewu ńlá ní ẹ̀sítéètì lọ. Máàpù náà kò purọ́ nínú nọ́ńbà rẹ̀ kankan. Ojú wa ló gba irọ́ gbọ́.

Àwọn ìyá wa tó ń ra léèsì kò nílò ìṣirò yìí. Ẹ lọ sọ́dọ̀ télọ̀ tó mọṣẹ́, kí ẹ gbé léèsì pupa kan fún un. Ohun tí yóò kọ́kọ́ bi yín ni pé irú láínì wo lẹ fẹ́ fi sí i. Bí yẹ̀rì abẹ́ rẹ̀ bá funfun, léèsì náà yóò mọ́lẹ̀ yòò. Bó bá dúdú, léèsì náà yóò ṣú. Kò sẹ́ni tí yóò rí obìnrin méjì tó wọ irú léèsì kan náà, ọ̀kan lórí funfun, èkejì lórí dúdú, tí yóò sọ pé owó léèsì èkejì wọ́n jù. A mọ̀ pé yẹ̀rì ló fà á. Ṣùgbọ́n tí a bá gbé e dé orí máàpù, a gbàgbé yẹ̀rì.

Àlàyé àwọ̀ tó wà ní igun máàpù, èyí tó yẹ kó tún ojú wa ṣe, kò gbà wá. Orí ìwé funfun ni wọ́n ya àpótí pupa kékeré yẹn sí. Bí ẹ bá sọ ọ́ di fẹ́lẹ́ bíi ti máàpù, pínńkì ni yóò jẹ́, ẹ̀sítéètì ló máa jọ. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ ní pupa fòò, kò ní jọ ibì kankan. Ará àdúgbò àtijọ́ tó bá wá àwọ̀ ilé tirẹ̀ nínú àlàyé yẹn kò ní rí i, yóò sì rò pé ilé òun ti kọjá gbogbo ewu tí wọ́n kọ síbẹ̀.

Ẹnì kan lè sọ pé, Prof, ọ̀rọ̀ àwọ̀ lásán lẹ wá ń fi bẹ́ẹ̀ ṣe wàhálà. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọ̀ lásán. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà n'Ìbàdàn rántí 31 August 1980, nígbà tí Ògùnpa ya wọ inú ìlú. Ẹ̀yin tí ẹ kéré sí mi rántí 26 August 2011, nígbà tí omi tún gbé afárá àti ilé lọ, tí ẹ̀mí tó lé ní 100 sì bá a lọ. Lẹ́yìn irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ohun tí gbogbo ènìyàn máa ń béèrè ni máàpù. Wọ́n á tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ọ̀gá kan á na ìka sí ibi tó pupa jù, á ní, "Níbí yìí la ti máa bẹ̀rẹ̀." Kò ní tẹ nǹkan kan wò, nítorí ìwé ló wà níwájú rẹ̀. Ibi tó pupa jù nílẹ̀ wa, bí a bá ya máàpù báyìí, yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ibi tí páànù ti gbó jù nígbà gbogbo. Ibi tí páànù ti gbó jù ni ibi tí àwọn olówó kò sí.

Ẹ jẹ́ ká wo ibi tí irinṣẹ́ yìí ti ṣẹ̀ wá, nítorí orírun rẹ̀ ṣàlàyé púpọ̀. Ìṣirò ìdajì-tòkè-ìdajì-tìsàlẹ̀ yìí kò ti ọwọ́ àwọn ayamáàpù wá. Ed Catmull àti Alvy Ray Smith ló ronú rẹ̀ jáde ní New York Institute of Technology lápá ìparí ọdún 1970 sí 1979. Ní 1984, Thomas Porter àti Tom Duff, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Lucasfilm, kọ ìwé tó fi ìlànà rẹ̀ lélẹ̀. Iṣẹ́ fíìmù ni wọ́n ń ṣe. Wọ́n fẹ́ kí ọkọ̀ òfúrufú tí a yà lọ́tọ̀ àti ìràwọ̀ tí a yà lọ́tọ̀ wà nínú àwòrán kan, kí ẹni tó jókòó ní sinimá má sì rí ojú ìrán wọn. Bí ojú ìrán bá ti pòórá, iṣẹ́ ti yọrí nìyẹn. Ìyẹn dára fún sinimá. Ṣùgbọ́n lórí máàpù ewu, ojú ìrán ni ohun tí a nílò láti rí: èwo ni a wọ̀n, èwo ni fọ́tò, níbo ni ọ̀kan ti parí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín yóò ti máa múra láti fi Ian McHarg dá mi lóhùn. Mo ṣáà ni mo kọ́ yín ní ìwé rẹ̀, *Design with Nature*, tó jáde ní 1969. Ọkùnrin ará Scotland yìí, tó ń kọ́ni ní Yunifásítì Pennsylvania, fi hàn bí a ṣe lè to máàpù tí a yà sórí ike fẹ́lẹ́ lé ara wọn, kí a sì tan iná sí abẹ́ wọn. Nígbà tí wọ́n fẹ́ la ọ̀nà Richmond Parkway kọjá ní Staten Island, ní New York, ó ya ìpele ìpele: ilẹ̀ tó lè ya, omi, igbó, ibi ìtàn, ibùgbé ènìyàn. Níbi tí nǹkan iyebíye bá wà, ó kùn ún ní dúdú. Nígbà tó to gbogbo rẹ̀ jọ, ibi tó mọ́lẹ̀ jù ni ibi tí ọ̀nà lè gbà láì ṣe ìpalára púpọ̀.

Àwọn aṣelámèyítọ́ ti sọ̀rọ̀ sí ọ̀nà yẹn. Wọ́n ní ó ro igbó pọ̀ mọ́ ilé àti ilé pọ̀ mọ́ ìtàn bí ẹni pé ìwọ̀n kan náà ni wọ́n. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìyàtọ̀ tó wà láàárín tirẹ̀ àti tiwa. Lórí tábìlì McHarg, gbogbo ìpele ló ń sọ̀rọ̀. Dúdú kọ̀ọ̀kan ní ìtumọ̀, òun fúnra rẹ̀ ló yàn án, ó sì lè dúró níwájú ìgbìmọ̀ kó gbèjà rẹ̀. Lórí máàpù tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi, ìpele kan ṣoṣo ló ń sọ̀rọ̀. Èkejì jẹ́ àwọ̀ òrùlé, tí ẹnikẹ́ni kò rò pé ó ń dá sí ọ̀rọ̀. Òrùlé dìbò, a sì ka ìbò rẹ̀ mọ́ ti àgbàrá.

Ìyẹn ni àṣìṣe àkọ́kọ́. Èkejì burú jù ú lọ, nítorí òun kò ní àwọ̀ rárá.

Mo béèrè lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ mi pé kí ló dé tí apá ìlà-oòrùn ìlú náà, lẹ́yìn títì márosẹ̀, fi mọ́ tónítóní, tí ó jẹ́ fọ́tò lásán. Ó ní 0 ló wà níbẹ̀. Mo ní, kí ni 0 túmọ̀ sí? Ó ní kò séwu. Mo ní, ta ló lọ wò ó? Ìgbà náà ló wá rántí: àwọn tó lọ wọn gọ́tà àti kòtò kò ré kọjá títì márosẹ̀. Owó tán. Nígbà tí wọ́n ń to rásítà náà jọ, ibi tí wọn kò dé, 0 ni kọ̀ǹpútà fi dí i. Òkè gíga tó wà láàárín ìlú, tí wọ́n gùn, tí wọ́n wọ̀n, tí wọ́n sì rí i pé omi kò lè dé ibẹ̀, 0 náà ni.

Nínú QGIS, ní abala kan náà tí ọ̀pá fífà yẹn wà, àpótí kékeré kan wà tí èèyàn lè kọ nọ́ńbà sí, pé kí a ka nọ́ńbà yìí sí àìsí ìmọ̀ kankan. Píksẹ́lì tó bá gbé nọ́ńbà yẹn yóò pòórá pátápátá. Akẹ́kọ̀ọ́ mi kọ 0 síbẹ̀, kí máàpù rẹ̀ lè mọ́ láwọn etí. Ibi tí a mọ̀ pé kò léwu àti ibi tí a kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀ wá di ọ̀kan náà lójú. Àwọn méjèèjì mọ́ gaara. Ẹni tó bá fẹ́ ra ilẹ̀ lẹ́yìn títì márosẹ̀ yóò wo máàpù ìjọba, yóò rí i pé kò sí àwọ̀ kankan níbẹ̀, yóò sì san owó rẹ̀. Bí omíyalé bá ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, kò sí ẹni tí yóò lè sọ pé máàpù ni ó tàn án jẹ, nítorí máàpù kò sọ nǹkan kan. Ó dákẹ́ ni, àwa ni a mú ìdákẹ́jẹ́ bí ẹ̀rí.

Ẹ máa ṣọ́ 0 gan-an, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ létí òkun. Nínú rásítà tó ń sọ gíga ilẹ̀, 0 kì í ṣe òfìfo. Ilẹ̀ tó wà ní ìpele òkun ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ìyẹn ilẹ̀ tí omi yóò kọ́kọ́ bò. Bí ẹ bá sọ ọ́ di àìsí ìmọ̀ nítorí kí etí òkun lè mọ́, àwọn tí ọ̀rọ̀ àgbàrá kàn jù lẹ yọ kúrò lórí máàpù yẹn.

Ẹ̀kẹta ni ti ìríran àwìn. Gíga ilẹ̀ tí wọ́n lò wá láti inú SRTM, iṣẹ́ tí NASA fi ọkọ̀ òfúrufú Endeavour ṣe fún ọjọ́ 11 ní February 2000. Iṣẹ́ ńlá ni, a sì ń jẹ àǹfààní rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ títí dòní. Ṣùgbọ́n píksẹ́lì rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mítà 30 ní ìbú àti ní òró, ìyẹn mítà 900 níbùú lóròó. Pulọ́ọ̀tì ilẹ̀ tí a mọ̀ ní Èkó, ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120, kò tó mítà 670. Píksẹ́lì kan tóbi ju pulọ́ọ̀tì kan lọ. Ní àdúgbò àtijọ́ ó lè gbé ilé mẹ́rin, márùn-ún. Rédíò tó fi wọn ilẹ̀ yẹn sì tún máa ń dúró lórí òrùlé àti orí igi kó tó dé ilẹ̀ gan-an.

Bí ìpele ewu náà bá kì, tí ó bo gbogbo nǹkan, a ó rí i bó ṣe rí: igun mẹ́rin ńlá ńlá, bí àkísà tí wọ́n gán pọ̀. A ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àfojúdíwọ̀n ni. Ṣùgbọ́n sọ ọ́ di fẹ́lẹ́ lórí fọ́tò tó mú dáadáa, ojú yóò yá ìmúná fọ́tò, yóò fi fún pupa. Ẹ ó máa wò ó bí ẹni pé pupa náà gba ẹ̀gbẹ́ ògiri ilé Bàbá kan kọjá, ó dá ilé ẹnìkejì rẹ̀ sí. Kò mọ èyíkéyìí nínú àwọn ilé yẹn. Mo ti rí i rí níbi ìpàdé, tí àwọn àgbà méjì ń jiyàn lórí ilé ta ni ìlà pupa kàn, tí ayamáàpù sì dúró níbẹ̀ láì sọ fún wọn pé ìlà yẹn fẹ̀ ju ilé àwọn méjèèjì lọ.

Èmi ni ayamáàpù náà, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n bò ó. Ó ti pẹ́. Mo dákẹ́ nítorí pé máàpù mi lẹ́wà, gbogbo ènìyàn sì ń yìn ín. Láti ìgbà yẹn, ọdún mélòó ni mo sì tún fi dúró ní kíláàsì tí mo ń sọ fún yín pé, "Ẹ fà á sí 50%, yóò dára"? Akẹ́kọ̀ọ́ mi yìí kò jí i kọ́. Ẹnu mi ló ti gbọ́ ọ.

N kò sọ pé kí a padà sí máàpù tó bo ilé mọ́lẹ̀ o. Ará àdúgbò gbọ́dọ̀ rí mọ́ṣáláṣí wọn, ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ọjà wọn, kí wọ́n tó lè mọ ibi tí à ń sọ. Bí wọn kò bá rí i, wọn kò lè bá wa jiyàn, máàpù tí aráàlú kò sì lè bá jiyàn kò yàtọ̀ sí àṣẹ. Nítorí náà, ohun tí mo ní kí akẹ́kọ̀ọ́ mi ṣe rèé, ẹ lè fi kún ìwé tí mo ti fún yín tẹ́lẹ̀.

Àkọ́kọ́, kó dín agbára yẹ̀rì kù, kó fi léèsì sílẹ̀. Fọ́tò ìsàlẹ̀ ni kó kọ́kọ́ tọ́jú. QGIS ní ibi tí a ti lè yọ àwọ̀ kúrò lára fọ́tò, kó di dúdú òun funfun, kí a sì mú un mọ́lẹ̀ títí tí òrùlé àtijọ́ àti òrùlé tuntun yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra. Pupa tó bá wá lé e lórí kò ní yàtọ̀ púpọ̀ láti àdúgbò dé àdúgbò.

Èkejì, níbi tó bá ṣeé ṣe, kó sọ ìpele ewu di ààlà àti ìlà wẹ́wẹ́. Ìlà wẹ́wẹ́ tó sún mọ́ra fún ewu ńlá, tó jìnnà síra fún ewu díẹ̀. Òrùlé kò lè yí iye ìlà padà. Ààlà náà sì gbọ́dọ̀ fi igun píksẹ́lì hàn bó ṣe rí, kó má ṣe dán an títí yóò fi jọ etí odò.

Ẹ̀kẹta, 0 méjèèjì gbọ́dọ̀ pínyà. Ibi tí a kò dé, kó fún un ní nọ́ńbà tirẹ̀ àti àwọ̀ eérú tirẹ̀, kó sì kọ ọ́ sínú àlàyé máàpù gbangba: *A kò tíì wọn ibí*. Mo mọ̀ pé àwọn ọ̀gá kì í fẹ́ kí irú gbólóhùn yẹn wà lórí ìwé. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kó wà níbẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, bí ó bá sọ ìpele kankan di fẹ́lẹ́, kó kọ iye rẹ̀ sábẹ́ máàpù bí a ṣe ń kọ ìwọ̀n àti ọjọ́. Kó ṣọ́ra níbẹ̀ pẹ̀lú, nítorí ọ̀rọ̀ ti yí padà. Nínú QGIS àtijọ́, ìyẹn kí ẹ̀dà kẹta tó jáde ní 2018, 0% ni ìpele tó kì, 100% ni èyí tí a kò rí mọ́. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti yí i padà: 100% ló kì báyìí. Àwọn kan nínú yín ṣì ń lo ìwé ìtọ́ni tí mo kọ nígbà àtijọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yí nọ́ńbà ibẹ̀ padà.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ fi gbèjà ọ̀pá fífà yẹn. Bí a bá wà níwájú kọ̀ǹpútà, tí ọwọ́ wa wà lórí rẹ̀, tí a ń fà á lọ fà á bọ̀, kì í tàn wá jẹ. Ẹ lọ wo ojú òpó Ilé-ìkàwé Àpapọ̀ ilẹ̀ Scotland, níbi tí wọ́n ti to máàpù àtijọ́ lé fọ́tò òde òní. Wọ́n fi ọ̀pá náà lé òǹwòran lọ́wọ́. Bí ẹ ti ń fà á ni pápá ń di ilé, tí ilé ń padà di pápá, ojú yín sì mọ ohun tó jẹ́ ti àná àti ohun tó jẹ́ ti òní, nítorí pé ẹ rí ọ̀kan tó ń lọ, ẹ rí èkejì tó ń bọ̀. Ìgbà tí a bá dá ọ̀pá náà dúró sí àárín, tí a tẹ̀ ẹ́ jáde sórí ìwé, tí a sì gbé e lọ fún ẹni tí kò ní ọ̀pá lọ́wọ́, ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà mo ní kó gbé kọ̀ǹpútà lọ síbi ìpàdé náà, kí ẹnikẹ́ni nínú ìgbìmọ̀ tó bá fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ fà á wò, kó sì tẹ ibi tó bá wù ú kó rí nọ́ńbà ibẹ̀.

Ó fi máàpù tuntun ránṣẹ́ lánàá. Àdúgbò àtijọ́ àti ẹ̀sítéètì jọra báyìí lẹ́bàá odò, bí nọ́ńbà wọn ṣe jọra. Apá ìlà-oòrùn lódindi ti di eérú. Kò lẹ́wà tó ti tẹ́lẹ̀. Ó ní ọ̀gá òun ti wò ó, ó sì béèrè pé kí ló dé tí ẹ̀sítéètì náà wá pupa lójijì, nígbà tí kò pupa tẹ́lẹ̀.

Mo ní kó dá ọ̀gá náà lóhùn pé ó ti pupa tẹ́lẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ìpàdé.